Ẹṣin Ọdún: Bó Ṣe Ń Ṣe Èèyàn Léṣe àti Ohun Tó Yẹ Kí Àwa Ará Òkè Ọya Mọ̀

Ẹni tó bá ń gbé ní Kánò, Kàtsínà, Zàríà tàbí Bídà mọ̀ pé tí ọdún Iléyá tàbí ìtúnu ààwẹ̀ bá ti dé, ẹṣin ló ń gba ìgboro. Hawan Sallah ni àwọn Hausa ń pè é, òyìnbó ń pè é ní Durbar. Ti Kánò lókìkí débi pé àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Àwa Yorùbá kì í gbẹ́yìn níbẹ̀. À ń kó ọmọ lọ wòran, àwọn kan nínú wa ń ta omi àti mínírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn àgbà ẹgbẹ́ tí wọ́n fi jẹ oyè náà sì ń gun ẹṣin lọ́jọ́ ìwúyè, àní ẹni tí kò gùn ún rí.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹni tó wà lórí ẹṣin nìkan ni ẹṣin ń ṣe léṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó ń bọ́ ọ, ẹni tó ń fà á, ẹni tó kàn ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ló wà nínú ewu. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ọmọọba Anne ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó gun ẹṣin níbi ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1976, di èrò ọsibítù. Kò sí lórí ẹṣin rárá, ó ń rìn nínú ọgbà rẹ̀ ni. Àwọn dókítà ní ọgbẹ́ orí rẹ̀ jọ ti ẹni tí orí tàbí ẹsẹ̀ ẹṣin bà. Tó bá lè ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ni ká sọ nípa ọmọ ọdún 6 tó sáré kọjá láti lọ mú bọ́ọ̀lù?

Ojú ẹṣin wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó máa rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká. Ibi méjì ni kì í rí: iwájú imú rẹ̀ gan-an, àti ẹ̀yìn ìdí rẹ̀. Láti ìṣẹ̀dálẹ̀, ẹranko tí àwọn ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni. Ohun tí kò bá rí tó fọwọ́ kàn án lójijì, ẹsẹ̀ ló fi ń dá a lóhùn. Nítorí náà, ẹ jìnnà sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó mítà 3. Tó bá di dandan kí ẹ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kó gbọ́ ohùn yín, kí ẹ sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, kí ọwọ́ yín wà lára rẹ̀. Tí etí rẹ̀ bá lẹ̀ sẹ́yìn, tó ń ju ìrù pàì-pàì, inú ń bí i nìyẹn. Gíga ọmọdé kò ju ibi tí pátákò ẹṣin ń dé lọ, orí àti ikùn ló máa ń bà á.

Lọ́jọ́ Hawan, ariwo pọ̀. Wọ́n ń yin ìbọn ìbílẹ̀, wọ́n ń fun kàkàkí. Ibi tó léwu jù ni iwájú ibi tí ọba jókòó sí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe jahi: àwọn ẹlẹ́ṣin á sáré eré àsápajúdé wá, wọ́n á wá fa ìjánu lójijì nítòsí ọba. Ẹṣin tó wúwo tó 400 kìlò kì í dúró bíi kẹ̀kẹ́. Ẹ dúró lẹ́yìn ògiri tàbí irin tí wọ́n fi dínà, kì í ṣe ẹ̀bá títì. Tí ẹ bá gbọ́ “Ku kauce!”, ẹ kúrò lọ́nà kẹ́ ẹ tó bojú wẹ̀yìn. Fóònù tí ẹ fi ń ya fọ́tò lè dúró.

Ní ti ẹni tó fẹ́ gùn ún, àwọn àgbà ní ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Wọn ò sọ pé orí ni kó fi balẹ̀. Láwàní kì í gba orí sílẹ̀, bó ti wù kó nípọn tó. Ẹ dé akoto lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kọ́ ọ, bí ẹ ò tiẹ̀ lè dé e lọ́jọ́ oyè. Akoto náà kì í gba ọrùn o: ó wà lórí Christopher Reeve, òṣèré Superman, nígbà tó ṣubú lórí ẹṣin ní oṣù Karùn-ún ọdún 1995, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, kò sì rìn mọ́ títí tó fi kú ní 2004. Ẹ má ti ẹsẹ̀ bọ irin ẹ̀gbẹ́ gàárì jìnnà jù, torí ẹsẹ̀ tó há síbẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹṣin wọ́ èèyàn nílẹ̀. Ẹni tó ń fa ẹṣin kò sì gbọdọ̀ wé okùn mọ́ ọwọ́. Tí ẹṣin bá ta kìjí, okùn náà lè já ìka.

Tí ẹnì kan bá ṣubú tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dùn ún, tàbí tí kò mọ ọwọ́ mọ ẹsẹ̀, ẹ má gbé e dìde jókòó. Ẹ di orí rẹ̀ mú kó má mì, kí ẹ wá ọkọ̀ àti ohun pẹrẹsẹ tí ẹ máa fi gbé e. Ẹni tó fi orí balẹ̀ lè dìde kó máa rẹ́rìn-ín, kó tó di alẹ́ kó máa bì, kó máa tòògbé, kó máa sọ̀sọkúsọ. Ọsibítù ni kíá. Ẹni tí ẹṣin ta nípàá níkùn náà nìyẹn: awọ ara lè má bó, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà nínú látinú ẹ̀dọ̀. Tí ara rẹ̀ bá ń tutù, tó ń làágùn, tí ikùn le, ẹ má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí omi.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń to eegun, tí Hausa ń pè ní madori, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n ń gbìyànjú, owó wọn sì fúyẹ́. Àmọ́ tí igi àti okùn tí wọ́n fi dì í bá fún jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ìsàlẹ̀, ẹran ara á kú, wọ́n á sì gé e. Tí ìka bá tutù, tó dúdú, tàbí tí kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀. Ọsibítù eegun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Dala, ní Kánò.

Ẹni tí kò ní ẹbí nítòsí ló máa ń bẹ̀rù owó àsansílẹ̀. Òfin ètò ìlera ọdún 2014, abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san 100,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́ fún wọn, kí ẹ sì pe akọ̀wé ẹgbẹ́.

Ọgbẹ́ kékeré náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì, èyí tó ń mú kí ẹnu há pinpin, wà nínú ìgbẹ́ ẹṣin àti iyẹ̀pẹ̀. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́, kí ẹ lọ gba abẹ́rẹ́. Tó bá ti lé ní ọdún 5 tí ẹ gbà á kẹ́yìn, tí ọgbẹ́ náà sì dọ̀tí, wọ́n á fún yín ní òmíràn. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ dání, torí ohun tí nọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn.