Àwọn Tó Lọ Tọ́jú Ọmọ Ọlọ́mọ ní Íńdíà

Ó ti di àṣà láàrin àwọn ọmọ wa tí a bí sí Ìlú Ọba àti sí Amẹ́ríkà pé bí wọ́n bá ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí yunifásítì kò sì tíì wọlé, wọn a ní àwọn fẹ́ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ láàrin àwọn ọmọ tí ìyà ń jẹ. Íńdíà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń dárúkọ. Iléeṣẹ́ wà tí ń gba owó lọ́wọ́ wọn láti mú wọn lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Wọn a kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, wọn a bá wọn gbá bọ́ọ̀lù, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì padà wálé. Òbí ni ń sanwó, tàbí kí ọmọ máa tọrọ owó kiri ọ̀dọ̀ ẹbí àti ìjọ. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ràn-ìn láàrin wa, pé ṣé kí a jẹ́ kí wọ́n lọ tàbí kí a má jẹ́ kí wọ́n lọ, a rò pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ìtàn àwọn tó ti gba ọ̀nà náà ṣáájú wọn. Ọ̀nà náà ti pẹ́ púpọ̀.

Ẹni tí a ó kọ́kọ́ mẹ́nu bà ni Amy Carmichael. Ìlú Millisle ní ilẹ̀ Ireland ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1867. Ó gúnlẹ̀ sí Íńdíà ní ọdún 1895, ó sì ń wàásù kiri àwọn abúlé ní gúúsù, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Tamil. Ní ọdún 1901, ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 7 kan tí ń jẹ́ Preena sá kúrò nínú tẹ́ḿpìlì, ó sì sá tọ̀ ọ́ wá. Ní ayé ìgbà náà, àwọn kan a máa fi ọmọbìnrin wọn fún òrìṣà inú tẹ́ḿpìlì bí ìyàwó. Ohun tí ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń rí lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin bí ó bá ṣe ń dàgbà kì í ṣe ohun tí a lè kọ sí ìwé tí tọmọdé tàgbà yóò kà. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wé ìyàwó òrìṣà nílé wa o, ọ̀nà wọn jìn síra.) Láti ọjọ́ náà ni ìwàásù kiri ti ń dín kù, tí ọmọ títọ́ sì gba gbogbo ọwọ́ obìnrin yìí.

Dohnavur, ní ẹkùn Tirunelveli, ni ó tẹ̀dó sí. Ó gbọ́ èdè Tamil, aṣọ àwọn obìnrin ilẹ̀ náà ni ó ń wọ̀, àwọn ọmọ sì ń pè é ní Amma, èyí tí í ṣe Ìyá ní èdè wọn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀sìn Kristi ni ó fi ń tọ́ àwọn ọmọ náà, àwọn ẹbí ọmọ mìíràn sì gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé kí ó dá ọmọ àwọn padà. Ní ọdún 1931 ó ṣubú, ó fara pa, orí ibùsùn ni ó sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ogún ọdún tó kù fún un láyé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1951 ni ó kú sí Dohnavur níbẹ̀. Ọdún 55 ni ó lò ní Íńdíà, kò padà sílé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní kí wọ́n má ṣe gbé òkúta lé ibojì òun. Àwọn ọmọ gbé àwo omi tí ẹyẹ fi ń wẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì kọ Amma sí i lára.

Ìtàn Amma dùn ún sọ, ilé ìjọsìn púpọ̀ ní ìlú òyìnbó ló sì ń sọ ọ́. Èyí tí wọn kì í sọ tó bẹ́ẹ̀ ni ti Dókítà Muthulakshmi Reddy, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, tí wọ́n bí ní Pudukkottai ní ọdún 1886. Inú ìdílé àwọn obìnrin tẹ́ḿpìlì yìí gan-an ni ìyá rẹ̀ ti wá. Ó kàwé di dókítà nígbà tí obìnrin tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1927 ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Madras, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jókòó níbẹ̀. Ó gbé àbá òfin kalẹ̀ láti fòpin sí àṣà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ó dá ilé kan tí ń jẹ́ Avvai Home sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin tí kò rí ibi forí lé. Wọ́n bá a jà lórí àbá náà, ṣùgbọ́n òfin jáde ní Madras ní ọdún 1947 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọmọ fún tẹ́ḿpìlì mọ́. Àlejò ń gba àwọn ọmọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Onílé ló ti ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà wọlé. A kò sọ èyí láti bu Amma kù. A sọ ọ́ nítorí pé bí a bá ń ka ìtàn náà fún àwọn ọmọ wa, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ orúkọ àwọn méjèèjì.

Ti Ìyá Teresa kò gba àròyé. Skopje ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1910, ó dé Íńdíà ní ọdún 1929, ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1979, ó sì kú ní ọdún 1997. Ohun tí àwọn ènìyàn ń gbàgbé ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ọdún tó fi ṣe olùkọ́ ní Calcutta kí ó tó jáde lọ bá àwọn òtòṣì ní ọdún 1948. Nígbà tí ó ń fi igi kọ lẹ́tà sórí ilẹ̀ fún àwọn ọmọ ní àdúgbò Motijhil, ó ti gbọ́ èdè Bengali, ó sì ti mọ ìlú. Àwọn kan bá a wí lórí bí ó ṣe ń tọ́jú aláìsàn àti lórí owó. Christopher Hitchens kọ odindi ìwé kan lórí èyí ní ọdún 1995. Ó dun àwọn olólùfẹ́ rẹ̀. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìṣirò owó kò rí èébú nínú kí á béèrè ìwé owó lọ́wọ́ ẹni mímọ́. Owó ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, ènìyàn méjì ló ń kà á.

Nínú gbogbo wọn, èyí tó wù wá jù ni Sísítà Cyril Mooney. Ọmọ Ireland ni òun náà, ó sì dé Íńdíà ní ọdún 1956. Ní ọdún 1979 wọ́n fi í ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Loreto ní Sealdah, ní Calcutta, ìlú tí orúkọ rẹ̀ ti di Kolkata láti ọdún 2001. Ibùdókọ̀ ojú irin ńlá kan wà ní Sealdah, àwọn ọmọ tí kò nílé a sì máa sùn káàkiri ibẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tí òbí wọn lè sanwó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà fún. Sísítà yìí ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ tálákà pé kí wọ́n wá kàwé pọ̀ pẹ̀lú ọmọ olówó. Láti ọdún 1985, ó mú àwọn ọmọ ìgboro náà wọlé, ó sì yan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ láti máa kọ́ wọn. Kì í ṣe lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ní ọjọ́ Sátidé. Inú àkókò ẹ̀kọ́ gan-an ni, lọ́nà tí ọmọ kan yóò fi jókòó ti ọmọ kan. Àwọn ọmọbìnrin kan tí kò ní ibi tí wọn yóò sùn bẹ̀rẹ̀ sí sùn sórí òrùlé pẹrẹsẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Àlejò ni obìnrin yìí, ṣùgbọ́n kò ránṣẹ́ pe àlejò púpọ̀ sí i. Àwọn ọmọ ìlú ni ó kọ́ bí wọn yóò ṣe máa wo ọmọ ìlú wọn. Ìjọba Íńdíà fi oyè Padma Shri dá a lọ́lá ní ọdún 2007.

Níbo wá ni àṣà kí ọ̀dọ́ lọ fún ìgbà díẹ̀ kí ó sì padà ti wọlé? Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì ní Bihar ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1934, ẹnjinníà kan láti Switzerland, Pierre Cérésole, kó àwọn bíi mélòó kan lọ síbẹ̀ láti bá wọn tún abúlé kọ́. Ní ọdún 1958, Alec Dickson dá VSO sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, àwọn ọmọ ọdún 18 tí ń dúró de yunifásítì ni ó sì kọ́kọ́ ń rán jáde. Dickson yìí ti ṣiṣẹ́ ní àgbègbè wa rí, nítorí òun ló dá ibùdó ìkọ́ni Man O' War Bay sílẹ̀ ní apá Cameroon tó wà lábẹ́ Nàìjíríà nígbà náà. Ó dùn mọ́ wa nínú pé ní ọdún 1962 kan náà tí ó kúrò nídìí VSO ni ó dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀, tí ń rán àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣe ìrànlọ́wọ́ láàrin Ìlú Ọba fúnra rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ Kennedy dá Peace Corps sílẹ̀ ní ọdún 1961. Ó ju 4,000 ènìyàn lọ tí wọ́n rán sí Íńdíà kí ètò náà tó parí níbẹ̀ ní ọdún 1976. Ìyá Jimmy Carter, Lillian Carter, wà lára wọn; ẹni ọdún 68 ni, nọ́ọ̀sì sì ni, kì í ṣe ọmọdé tí ń wá ohun tí yóò fi ọwọ́ ṣe.

Peace Corps dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú, àwọn àgbà tó wà ní Ìbàdàn nígbà náà kò sì lè gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1961. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú wọn, tí ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ káàdì pélébé kan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nípa ìdọ̀tí àti ìṣẹ́ tí ó rí nígboro. Káàdì náà bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Wọ́n tẹ ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri, inú bí wọn, wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé. Ọmọbìnrin náà padà sí Amẹ́ríkà. Kò purọ́, àwọn ohun tí ó kọ ń ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ta ni ó fẹ́ kí àlejò tó sun oorun díẹ̀ nílé òun máa ròyìn àbùkù òun fún ará ilé tirẹ̀? Àwọn fọ́tò tí àwọn ọmọ wa ń yà pẹ̀lú ọmọ aláìláṣọ ní Delhi lónìí, ọmọ ìyá káàdì Ìbàdàn ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wá kan ọ̀rọ̀ owó. Ní Bombay, tí wọ́n ń pè ní Mumbai báyìí, wọ́n dá ẹgbẹ́ Pratham sílẹ̀ ní ọdún 1995. Ní àwọn ọdún ìgbà náà, ẹgbẹ́ yìí ń gba àwọn ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò tó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sì ń pè wọ́n ní balsakhi, èyíinì ni ọ̀rẹ́ ọmọdé. Iṣẹ́ balsakhi ni láti mú bí ọmọ 15 sí 20 tó ti rẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀, kí ó kọ́ wọn fún wákàtí méjì lóòjọ́. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019, fara balẹ̀ wọn iṣẹ́ náà wò pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Mumbai àti Vadodara. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ náà tẹ̀ síwájú, àwọn tó rẹ̀yìn jù ló sì jèrè jù. Láàrin rupee 500 sí 750 ni balsakhi ń gbà lóṣù nígbà náà, ìyẹn bíi dọ́là 10 sí 15.

Ẹ mú dọ́là 15. Dọ́là 180 ni fún ọdún kan. Bí ọmọ wa bá ná dọ́là 1,800 lórí ọkọ̀ òfurufú, físà, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti owó iléeṣẹ́ tó mú un lọ, owó náà ì bá gba balsakhi 10 fún odindi ọdún kan. A mọ̀ pé owó oṣù ti yí padà láti ìgbà náà. Kí ó tilẹ̀ ti di ìlọ́po márùn-ún, àwọn méjì yóò ṣì rí i gbà fún ọdún kan, wọ́n gbọ́ èdè àwọn ọmọ náà, wọn kò sì ní wọ bàálù lọ lọ́jọ́ kọkànlélógún. Òbí mìíràn yóò ní ẹ̀kọ́ tí ọmọ òun yóò rí kọ́ lọ́hùn-ún ńkọ́. Òótọ́ ni, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ yín. Ẹ má kọ ọ́ sí abẹ́ ọrẹ àánú.

Ọ̀rọ̀ ilé ọmọ òrukàn tún le ju ti ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ló jẹ́ òrukàn. Ọ̀pọ̀ ló ní bàbá tàbí ìyá láyé tí òṣì kò jẹ́ kí wọ́n lè bọ́ wọn, ibi tí owó àlejò bá sì ti ń wọlé, ilé bẹ́ẹ̀ lè máa wá ọmọ kún ọmọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé rọ àwọn ìjọba láti dènà irú ìrìn àjò àti iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí ní ilé àwọn ọmọ òrukàn. Àwa tí a dàgbà ní Ìlú Ọba kò nílò ìwé láti yé wa. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn òbí wa tó wá kàwé ti ń fi ọmọ sọ́dọ̀ òyìnbó ní Kent àti Sussex, inú ìwé ìròyìn Nursery World ni ọ̀pọ̀ sì ti ń polówó wá alágbàtọ́. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá nínú wa mọ bí ó ti ń rí kí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ mojú ẹnì kan tán, kí ẹni náà sì di àwátì.

Fún ẹni tó bá fẹ́ fowó ránṣẹ́, ẹ̀tọ́ wà láti béèrè nǹkan. Òfin Íńdíà ti ọdún 2015 sọ pé ilé èyíkéyìí tí ń tọ́jú àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú àti ààbò gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé náà hàn yín. Òfin mìíràn wà lórí owó tí ń ti òkèèrè wá, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1976, tí wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2010, tí wọ́n sì fún un le sí i ní ọdún 2020. Inú àkáǹtì kan ní ẹ̀ka State Bank of India ní New Delhi ni irú owó bẹ́ẹ̀ gbọdọ̀ kọ́kọ́ wọ̀, ẹgbẹ́ kò sì gbọdọ̀ ná ju ìdá 20 nínú 100 lọ lórí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Òfin náà ti ni àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké lára, àwa náà sì rò pé ó le jù. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá ní kí ẹ san owó àwọn ọmọ sínú àkáǹtì òun fúnra rẹ̀, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó ṣe.

Bí ọmọ bá sì ní òun gbọ́dọ̀ fojú rí Delhi dandan, ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Salaam Baalak Trust. Owó tí Mira Nair rí lórí fíìmù rẹ̀, Salaam Bombay!, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1988. Àwọn ọmọ ìgboro fúnra wọn ló ṣeré nínú fíìmù náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀dọ́ tí ẹgbẹ́ yìí tọ́ ti ń mú àlejò rìn káàkiri Paharganj àti ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin New Delhi. Àlejò yóò sanwó, yóò tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ọ̀dọ́ tó sùn sí ìgboro rí yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ibi tí ó sùn, ohun tí ó jẹ, àti bí ó ṣe jáde níbẹ̀.