Ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé: bí ọbẹ̀ kò ṣe ní í wọ́n nílẹ̀ Ìbàràpá tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn

Ìbàràpá méje ni àwọn baba wa ń pe Igbó-Ọrà, Erúwà, Ìdèrè, Àyétẹ̀, Tápà, Lánlátẹ̀ àti Igangan. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àní ìtàn tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé láti ara bàrà, ẹ̀gúsí tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀, ni orúkọ Ìbàràpá gan-an ti wá. Síbẹ̀, ilẹ̀ tó ń fi iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo bọ́ àwọn ìlú ńláńlá yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ìyá ilé ti ń fi owó ra ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tó fà á kò ju pé oko jìnnà sílé, ẹ̀yìnkùlé sì ṣófo.

Àwọn àgbà mọ ìyàtọ̀ láàárín oko ẹgàn àti oko etílé. Oko ẹgàn ni ti iṣu àti ẹ̀gẹ́. Oko etílé ni ti ata, ilá àti ẹ̀fọ́, èyí tí ìyàwó ilé lè dé kí omi àmàlà tó hó. Rògbòdìyàn àgbẹ̀ àti darandaran tó gbóná ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, àti ìkọlù tó wáyé ní Igangan ní òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Òkúdù ọdún náà, níbi tí ẹ̀mí ti ṣòfò tí wọ́n sì dáná sun ààfin ọba, mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa fòyà ọ̀nà oko jíjìn. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé kò lè rọ́pò oko ẹgàn, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbin iṣu ọdún kan sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà oko dára bí kò dára, ó lè mú kí ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1976, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀, wọ́n sì rọ olúkúlùkù kí ó gbin nǹkan sí àyíká rẹ̀. Ètò náà ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò bá a lọ.

Ilẹ̀ àti ọgbà

Ibi tí oòrùn ń tàn sí fún bí wákàtí 6 lóòjọ́ ni ẹ̀fọ́ ń fẹ́. Ẹ má ṣe gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá, tàbí síbi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì ọkọ̀ àti bátìrì tó ti kú sí, nítorí májèlé inú wọn lè wọ inú ewé.

Ewúrẹ́ ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ẹni tó gbin ẹ̀fọ́ tí kò ṣe ọgbà yí i ká, ewúrẹ́ ló gbìn ín fún. Ọparun àti imọ̀ ọ̀pẹ lè ṣe é fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń pẹ́ ni ọgbà bọ̀tujẹ̀. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ rì wọ́n mọ́lẹ̀ kí wọ́n súnmọ́ ara wọn, wọn yóò sì ta gbòǹgbò. Ewúrẹ́ kì í fẹ́ jẹ ewé rẹ̀. Kí ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé o, nítorí májèlé ni èso bọ̀tujẹ̀.

Ìgbẹ́ adìẹ àti ti ewúrẹ́ ni ajílẹ̀ tó súnmọ́ wa jù, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì tutù, yóò jó gbòǹgbò ẹ̀fọ́. Ẹ kó o jọ pọ̀ mọ́ èèpo iṣu àti ewé gbígbẹ, ẹ máa bu omi wọ́n ọn, ẹ máa yí i padà, kí ó jẹrà fún bí oṣù 2 sí 3 títí kò fi ní rùn mọ́.

Àwọn ẹ̀fọ́

Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, òun náà ló sì yá jù. Ẹ po irúgbìn rẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ gbígbẹ kí ó má baà ṣù jọ lójú kan, ẹ fọ́n ọn sórí ebè pẹlẹbẹ, ẹ sì fi erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ẹ ó ti máa fà á tu. Bí ẹ bá ń fọ́n díẹ̀ díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kò ní í tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti ṣọkọ, ẹ máa gé orí rẹ̀ dípò kí ẹ fà á tu, yóò tún yọ ẹ̀ka.

Ewédú ní ọgbọ́n tirẹ̀. Èèpo irúgbìn rẹ̀ le, kì í tètè hù. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tì í bọ omi híhó fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 10, ẹ yọ ọ́ kíá, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ lábẹ́ òjìji kí ẹ tó fọ́n ọn. Ewúro ní tirẹ̀ kò béèrè irúgbìn: ẹ̀ka rẹ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ni ẹ ó rì mọ́lẹ̀. Bí ó bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ ó máa já a fún ọdún púpọ̀, àní nínú ọyẹ́.

Ilá ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ewé rẹ̀ ni ìlasà, ọbẹ̀ tí wọ́n mọ̀ mọ́ Igbó-Ọrà. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé òun àti àmàlà ló mú kí ìbejì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn kò tíì fìdí èyí múlẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ aṣaralóore ni. Ẹ rẹ irúgbìn ilá sínú omi mọ́jú, kí ẹ gbin hóró 2 tàbí 3 sójú kan ní oṣù Igbe, kí ojú kan sì jìnnà sí èkejì tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Ní bí ọjọ́ 60, ẹ ó ti máa ká a. Ẹ máa ká a ní ọjọ́ méjì-méjì, nítorí èyí tó bá gbó lórí igi ń dá síso yòókù dúró. Bí ẹ bá sì ń já ewé, ẹ má ṣe já igi kan sí ìhòòhò.

Ata àti tòmátì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn sínú agolo lábẹ́ òjìji. Bí wọ́n bá tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ẹ tú wọn ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ gbìn wọ́n sí ojú ilẹ̀ tí wọn yóò dàgbà sí. Ẹ má ṣe gbìn wọ́n síbi tí ata, tòmátì tàbí ìgbá wà lọ́dún tó kọjá, nítorí àrùn wọn máa ń wà nínú ilẹ̀. Ayálégbé tí kò ní ilẹ̀ lè lo àpò tàbí garawa tó ti bàjẹ́, bí ó bá ti lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè ráyè jáde.

Èso

Ìbẹ́pẹ ló yá jù nínú igi eléso. Ẹ fi ọmọ rẹ̀ 3 sójú kan. Bí wọ́n bá ti yọ òdòdó, ẹ gé àwọn akọ, tí òdòdó wọn máa ń so rọ̀ lórí ọ̀pá gígùn, ẹ fi abo kan sílẹ̀. Akọ kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọgbà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní tirẹ̀ fẹ́ràn omi. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi ń gbìn ín sétí balùwẹ̀.

Omi ẹ̀ẹ̀rùn

Láti oṣù Bélú títí di nǹkan bí oṣù Ẹrẹ́nà, òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀. Àwọn àgbà Ìdèrè kò gbàgbé ìgbà tí sòbìà ń dá àgbẹ̀ jókòó sílé nítorí omi adágún. Ọdún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé jẹ́rìí sí i pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ fi omi mímu ṣòfò. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti èyí tí a fi fọ iṣu ni kí a máa bu sí ìdí ẹ̀fọ́ ní ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ kí oòrùn má baà fa omi náà gbẹ, kí ẹ sì dín ebè kù: ebè méjì tó ń mu omi yó sàn ju mẹ́wàá tí òùngbẹ ń pa.

Bí kòkòrò bá yọjú, ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wọ́n ọn sórí ewé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má ṣe fín oògùn kòkó tàbí oògùn ẹ̀fọn sí ohun tí ẹ fẹ́ jẹ.

Ní ìparí òjò, ẹ má ká gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ fi igi ilá àti tẹ̀tẹ̀ tó dára jù sílẹ̀ kí wọ́n gbó, kí ẹ sá irúgbìn wọn gbẹ, kí ẹ sì fi í pamọ́ síbi tí ọ̀rinrin kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní irúgbìn lọ́wọ́ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, kò ní í dúró de ọjọ́ ọjà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.