Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ìtọ́jú rẹ̀ ní Ìlàjẹ

Ní ilẹ̀ òtútù, yìnyín ni ọ̀tá ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé sílẹ̀: omi tó bá dì máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, ó sì lè la irin. Ní etíkun Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó, iyọ̀ ni. Ní Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 tí òkun sì ti jẹ lára ilé rẹ̀, omi oníyọ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń fà láti fi tu ara rẹ̀. Omi á gbẹ, iyọ̀ á kù sínú ihò tóóró.

Nítorí náà, wọ́n á ki ìdí ẹ́ńjìnnì bọ inú dúrọ́ọ̀mù omi tí kò níyọ̀, wọ́n á tan án fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, wọ́n á já páìpù epo kí pẹtiróòlù inú kábúrétọ̀ jó tán, wọ́n á wá gbé e dúró lóòró kí omi ró jáde. Bí ọ́ìlì jíà bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ ibẹ̀. Kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà tó ń dí i. Ègé síńkì tí wọ́n dè mọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì ni iyọ̀ kọ́kọ́ ń jẹ dípò irin tó kù. Ẹni tó bá kùn ún lọ́dà kó lè dán (wọ́n pọ̀) ti sọ ọ́ di aláìwúlò.