Orúkọ Ìdílé Jẹ́ Ìwé Ìtàn: Àpẹẹrẹ Láti Ọjà Balógun

Àwọn àgbà ní, "Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ." Láyé àtijọ́, Yorùbá kò ní ohun tí à ń pè ní orúkọ ìdílé lónìí. Ọmọ lè mú orúkọ tọ̀run wá, bíi Táíwò, Àìná tàbí Àjàyí. Wọ́n lè wo ipò ilé kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Yóò sì ní oríkì tirẹ̀, bíi Àkànní tàbí Àjọkẹ́. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́, agbo ilé bàbá rẹ̀ ni a ó béèrè. Ìgbà tí ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé ìjọba dé ni orúkọ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ.

Ní Ọjà Balógun, níbi tí ìyá mi ti ń ta àǹkárá, èèyàn lè fi orúkọ kọ́ ìtàn. Balógun fúnra rẹ̀ jẹ́ oyè olórí ogun kí ó tó di orúkọ ìdílé. Ṣùgbọ́n báwo ni Da Silva, Pereira, Cole àti Macaulay ṣe di orúkọ ọmọ Èkó?

Òwò ẹrú ló fà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Àgùdà jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n tà sí Brazil. Wọ́n fi orúkọ Potogí ṣe ìrìbọmi fún wọn níbẹ̀, nígbà mìíràn orúkọ olówó wọn. Nígbà tí wọ́n padà sí Èkó tí wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, orúkọ náà bá wọn dé. Àwọn Sàró ní tiwọn ti Freetown wá. Àjàyí ọmọ Òṣóògùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi ní 1825. Samuel Àjàyí Crowther ni a ń pè é títí dòní.

Ọdún 1894 ló yà mí lẹ́nu jù. Ní ọdún yẹn, David Brown Vincent, pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ní Èkó, bọ́ orúkọ òyìnbó rẹ̀ sílẹ̀, ó di Mọ́jọlá Agbẹ̀bí. Ní ọdún kan náà, wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí tí Mohammed Shitta kọ́ sí Martins Street, nínú àdúgbò ọjà yìí. Sultan ilẹ̀ Tọ́kì fi oyè "Bey" dá a lọ́lá, ìdílé rẹ̀ sì di Shitta-Bey. Ẹnì kan bọ́ orúkọ àjèjì, ẹnì kejì fi ti àjèjì kún tirẹ̀, ọmọ Èkó sì ni àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan èmi náà. Orúkọ ìdílé wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Fá", èyíinì ni Ifá. Ní ọdún yìí tí mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC, bàbá mi ní kí a fi "Olú" rọ́pò rẹ̀, nítorí onígbàgbọ́ ni wá. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ wọn, tèmi náà ni. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Kò sí ìwé kankan nílé wa tó sọ pé babaláwo ni baba ńlá wa. Orúkọ yẹn nìkan ló sọ ọ́. Bí a bá pa á rẹ́, àwọn ọmọ tí mo bá bí kò ní mọ iṣẹ́ tí ẹni náà ṣe. Bàbá mi ní kí n fún àwọn láyè díẹ̀ láti rò ó.

Ní èrò tèmi, ẹni tó bá fẹ́ yí orúkọ padà lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe é, bí Agbẹ̀bí ti ṣe. Àmọ́ kí ó kọ́kọ́ béèrè ìtàn ti àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ Da Silva kò sin ẹni tó ra baba ńlá rẹ̀. Orúkọ náà ló ń rán an létí pé wọ́n ta baba náà sí òkè òkun, ó sì padà wá sílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń jẹ́ Fá lè máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó sì mọ ilé tí ó ti wá.