Eruku Beryllium: Láti Ilé Iṣẹ́ Àtùpà dé Culham

Ní Culham, lẹ́bàá Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ ńlá kan wà tí a ń pè ní JET. Láti 1983 títí di oṣù Kejìlá 2023 ni àwọn onímọ̀ fi wá ọ̀nà nínú rẹ̀ láti mú kí átọ́ọ̀mù háídrójìn dà pọ̀ kí agbára sì ti inú wọn jáde, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iná náà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìtàn ògiri tí ó yí i ká ni, nítorí láti 2011 ni a ti fi irin beryllium bo apá púpọ̀ nínú rẹ̀.

Beryllium fúyẹ́ gidigidi. Bí ẹ̀rún rẹ̀ bá bọ́ sínú iná náà, kì í tù ú bí irin wíwúwo ti máa ń ṣe. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ẹ. Eruku rẹ̀ ni ewu wà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá fà á símú ni ó ń pa lára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mú lè máa ṣiṣẹ́ lọ fún ọdún púpọ̀ kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí le, tí mímí yóò sì di iṣẹ́ fún un.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ àtùpà ní Salem, ní Massachusetts ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ fi ara wọn kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ yìí. Ẹfun tí a fi ń pa inú àtùpà gígùn ìgbà náà ní beryllium nínú. Ní 1943 ìwé ìjọba kan sọ pé irin náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe májèlé. Ní 1946 ni oníṣègùn obìnrin Harriet Hardy àti ẹnì kejì rẹ̀ Irving Tabershaw kọ ìròyìn nípa òṣìṣẹ́ 17 tí àrùn náà mú. Ní Lorain, ní Ohio, àwọn tí kò wọ ilé iṣẹ́ rí, tí wọ́n kàn ń gbé ní àdúgbò rẹ̀, ṣàìsàn pẹ̀lú. Ní 1949 àwọn aláàtùpà pa lílò rẹ̀ tì.

Ọdún náà ni a fi òfin lélẹ̀: bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù, ìdá 2 péré ni kí ó wà nínú afẹ́fẹ́ tí ó kún àpótí oníwọ̀n mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Báwo ni wọ́n ṣe mọ iye náà? Merril Eisenbud, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó dá a lábàá, jẹ́wọ́ pé inú takisí ni àwọn ti fẹnu kò sí i, bí àwọn ti ń lọ sí ìpàdé. Ó yà wá lẹ́nu púpọ̀, nítorí ìfojúdíwọ̀n yìí di òfin Amẹ́ríkà títí di 2017, nígbà tí a dín in kù sí ìdá 0.2.

Ẹ má ṣe rò pé àṣejù ni ohun tí wọ́n ń ṣe ní Culham, nígbà náà. Ẹni tí yóò wọ inú ẹ̀rọ náà a wọ aṣọ tí ó bo gbogbo ara, a sì fi ọ̀pá fa afẹ́fẹ́ mímọ́ sí i láti òde. A ń wọn afẹ́fẹ́, a ń nu orí tábìlì àti irinṣẹ́ kí a lè yẹ ohun tí a nù wò. Èyí tí ó wù wá jù ni Mascot, apá irin méjì tí ó máa ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹni tí ń darí rẹ̀ bá jókòó ní yàrá mìíràn. Bí apá náà bá gbé ohun tí ó wúwo, ọwọ́ ẹni náà a mọ̀ ọ́n. Apá wọ̀nyí ni ó to púpọ̀ nínú ògiri tuntun náà láàárín 2009 sí 2011.

Ní 2023 àwọn aláṣẹ ITER, ẹ̀rọ tí ó tóbi jù JET lọ tí a ń kọ́ ní ilẹ̀ Faransé, dábàá láti fi tungsten rọ́pò beryllium, ewu eruku náà sì wà lára ìdí rẹ̀. Ní ti JET, a ti ń tú u palẹ̀, iṣẹ́ tí a retí pé yóò gbà títí di nǹkan bí 2040.