Kíndìnrín Ọmọdé àti Ìtàn Ṣíṣe Oògùn: Láti Jos Dé Ọ̀tà

Ìtàn ṣíṣe oògùn òyìnbó ní Nàìjíríà kò ṣe é sọ láìmẹ́nu ba kíndìnrín. Ẹ̀yà ara méjì yìí, tí wọ́n wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ọ̀pá ẹ̀yìn, ni wọ́n ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Asẹ́ kéékèèké tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Bí ìyá ológì bá sẹ́ ògì, ohun tí ó bá ti jò kọjá asẹ́ kì í padà mọ́. Ti kíndìnrín yàtọ̀. Nǹkan bíi lítà 180 omi ni ó ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà lóòjọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tí ó tẹ̀lé asẹ́ ń fa omi, ṣúgà àti iyọ̀ tí ara nílò padà, títí yóò fi ku nǹkan bíi lítà kan àbọ̀. Èyí ni ìtọ̀ tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò ìtọ̀. Àwọn ọ̀pá tín-ín-rín yìí gan-an ni májèlé tí ń jẹ́ diethylene glycol máa ń pa.

Omi mímọ́ gaara tí ó dùn lẹ́nu ni májèlé yìí. Ó jọ propylene glycol tí wọ́n fi ń yọ́ oògùn, owó rẹ̀ sì kéré sí i. Inú ẹ̀dọ̀ ni ara ti ń sọ ọ́ di ásíìdì tí ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1937, oògùn olómi kan tí wọ́n fi í pò pa ènìyàn tí ó lé ní 100, èyí tí ó bí òfin oògùn tuntun ní 1938. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní Nàìjíríà, ẹ̀kọ́ náà kò dé létí.

Ní 1990, ọmọ 47 kú ní ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Jos. Ibà mú wọn, wọ́n ń bì, wọn kò sì tọ̀ mọ́. Omi paracetamol tí wọ́n fún wọn ni májèlé náà wà nínú rẹ̀. Ní 1993 ni ìjọba fi òfin dá àjọ NAFDAC sílẹ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà tún ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2008, oògùn eyín kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí wọ́n ṣe ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọ ọwọ́. Àwọn tí ó kú tó 84. Ìgbàgbọ́ àwọn ìyá pé eyín ní ń fa ibà àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń mú oògùn bẹ́ẹ̀ tà, bẹ́ẹ̀ sì ni ibà àti ìgbẹ́ gbuuru wà lára àmì májèlé náà. Ta ni yóò tètè fura? Ọmọ tí kò tọ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ nìkan ló lè tú àṣírí. Ní 2013, ilé-ẹjọ́ rán òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà méjì lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méje.

Ibi tí Ọ̀tà ti wọ inú ìtàn yìí ni ilé-iṣẹ́ oògùn. Ìlú Àwórì tí a mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ni, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ilé-iṣẹ́ ti kún ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. May & Baker ṣí ilé oògùn rẹ̀ ní Ọ̀tà ní 2011; ní 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Fidson náà ní ilé-iṣẹ́ ní Sàngó-Ọ̀tà. Ìlànà tí irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ dúró lé béèrè pé kí wọ́n yẹ ohun tí ó wà nínú àgbá kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó dà á sínú oògùn. Orúkọ tí ẹni tí ó tà á kọ sára àgbá kò tó. Àyẹ̀wò yìí kan náà ni kò sí ní 1990 àti 2008. Ní Gambia ní 2022, ọmọ tí ó lé ní 60 kú lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn ikọ́ tí ó wá láti India. Ohun tí àwọn dókítà kọ́kọ́ rí níbẹ̀ náà ni pé àwọn ọmọ kò tọ̀ mọ́.