Ojú Àbímọ́, Ojú Ìpààrọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé aago àpò àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ kò ní wá ọ̀rọ̀ lọ jìnnà. "Ojú aago" wà nílẹ̀, "ọwọ́ aago" wà nílẹ̀, "tánganran" náà sì wà fún ohun funfun tó ń dán lójú rẹ̀. Iṣẹ́ náà jọ ti abọ́ tánganran tí inú rẹ̀ jẹ́ irin, àmọ́ bàbà pẹlẹbẹ ni ti aago. Wọ́n á da ìyẹ̀fun gíláàsì sórí bàbà, wọ́n á kì í bọ ìléru títí yóò fi yọ́ mọ́ ọn. Wọ́n á kọ nọ́ńbà sí i, wọ́n á tún dá a padà sínú iná. Irú ojú bẹ́ẹ̀ kì í ṣá bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bó bá já bọ́, ó lè sán tàbí kí etí rẹ̀ bó.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1891, ọkọ̀ ojú irin méjì forí sọ ara wọn ní Kipton, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé àbójútó aago àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè lé Webb C. Ball lọ́wọ́, oníṣòwò aago ní Cleveland. Òfin tó ti ibẹ̀ jáde fẹ́ aago tí kò ní ìdérí, kí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi, kó sì hàn ketekete.

Ní ti wíwá ọ̀rọ̀, ibi tí èrò ti pọn dandan ni ojú tí apá kan rẹ̀ rẹlẹ̀. Yorùbá máa ń sọ pé ojú ẹni tó ṣàìsàn jìn; ẹ jẹ́ ká yá a lò. Èyí tí ibi ìṣẹ́jú àáyá nìkan ti rẹlẹ̀ ni "ojú ajìnlẹ́ẹ̀kan". Bí àárín náà bá tún rẹlẹ̀, "ajìnlẹ́ẹ̀mejì" ni, ègé mẹ́ta ni wọ́n sì so pọ̀ ṣe é. Ní ti ojú Montgomery, èyí tí wọ́n to nọ́ńbà ìṣẹ́jú láti 1 dé 60 sí etí rẹ̀, kí wọ́n fi orúkọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ orí ló ń da àwọn olùkójọ aago láàmú jù. Nọ́ńbà tí wọ́n fín sára ẹ̀rọ inú ń sọ ọjọ́ orí ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ti ojú. Nítorí náà ni "ojú àbímọ́" (èyí tó bá ẹ̀rọ jáde) àti "ojú ìpààrọ̀" (èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀) fi wúlò. Ilé iṣẹ́ Elgin ń jẹ́ National Watch Company títí di 1874; nítorí náà, bí ẹ̀rọ ọdún 1870 bá gbé ojú tí wọ́n kọ "Elgin National Watch Co." sí, ìpààrọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ojú tí kì í ṣe tánganran ni ìpààrọ̀: ilé iṣẹ́ Hamilton pàápàá padà fi ojú oníke sára aago 992B rẹ̀.

Ojú aago tún ní ẹsẹ̀ (ẹ má rẹ́rìn-ín): igi bàbà tín-ín-rín ni wọ́n, tí wọ́n jó mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń wọ inú ihò ara ẹ̀rọ. Ihò ẹ̀rọ kan kì í sábà bá ti òmíràn mu. Alárékérekè á gé ẹsẹ̀ náà, á fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú mọ́ ibi tí kò tọ́ sí i. "Ojú agésẹ̀" ló yẹ ká máa pe irú èyí, kí olùrà sì tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò kó tó sanwó.